Béèrè Lọ́wọ́ Wa: Gáàsì Nínú Corolla, Ọtí Ẹ̀gẹ́ Nínú Táǹkì, àti Ohun Tó Yẹ Kí Ọmọ Iṣẹ́ Mẹkáníìkì Kọ́

Àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lórí ohun kan náà: epo ti wọ́n, ewo ni ṣíṣe? A gé wọn kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n. Ti awakọ̀ Kàbbà la fi síwájú, nítorí owó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ewu sì pọ̀ níbẹ̀ ju owó lọ.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2005 ni mo fi ń gbé èrò láti Kàbbà sí Lọ́kọ́ja. Bẹntiróòlù ń jẹ gbogbo èrè mi. Wọ́n ní kí n yí i sí CNG, gáàsì ọkọ̀ tí wọ́n rọ pọ̀ sínú sílíńdà. Mẹkáníìkì kan tiẹ̀ ní òun lè fi sílíńdà gáàsì ìdáná ṣe é, pé owó rẹ̀ ò ní tó ìdajì. Kí lẹ rí sí i? (Awakọ̀ èrò, Kàbbà)

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé ọ̀rọ̀ sílíńdà ìdáná kúrò nílẹ̀. Ẹ má gbà á, kódà bó bá fẹ́ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ìfúnpá gáàsì ìdáná nínú sílíńdà rẹ̀ kì í sábà ju 10 bar lọ, nǹkan bíi 30 bar sì ni wọ́n fi ń dán irin rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n 200 bar ni wọ́n ń rọ CNG sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ kan bú gbàmù níbi tó ti ń ra CNG ní ìlú Benin. Ohun tí ìjọba sọ lẹ́yìn rẹ̀ ni pé sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀, tí kì í ṣe ti CNG, ló wà nínú rẹ̀. Sílíńdà CNG onírin kì í ní ojú ìjó kankan lára. Wọ́n máa ń tẹ àmì ìlànà ISO 11439 tàbí ECE R110 sí i, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ parí. Bí ẹ ò bá rí i kà, ẹ gbé ọkọ̀ yín, ẹ máa lọ.

Ó wá kan ibi tí ẹ ó ti máa rà á. SCM, ìyẹn ìwọ̀n gáàsì tó kún àpótí oníwọ̀n mítà kan ní gígùn, ìbú àti gíga, ni wọ́n fi ń wọn CNG tà. Sílíńdà lítà 60, irú èyí tó máa ń wọ búùtù Corolla, ń gba nǹkan bíi SCM 15, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe iṣẹ́ lítà bẹntiróòlù kan àti díẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ń rin kìlómítà mẹ́wàá lórí lítà kan pẹ̀lú èrò àti ẹrù, sílíńdà tó kún á gbé yín rin 160 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kàbbà sí Lọ́kọ́ja, àlọ àti àbọ̀, ti tó nǹkan bíi 160. Ìyẹn ni pé àlọ kan, àbọ̀ kan, sílíńdà ti gbẹ. Bí ẹ bá sì débi tí ẹ̀rọ wọn ò lágbára, tó jẹ́ 150 bar ló lè rọ, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lẹ rà yẹn. Ẹ máa wo gọ́ọ̀jì kí ẹ tó kúrò. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ sí ibi ìrọ gáàsì tó súnmọ́ ọ̀nà yín jù láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ wo bí ìlà ṣe gùn tó. Wákàtí méjì lórí ìlà lójoojúmọ́, èrò ọkọ̀ kan lẹ fi ṣòfò. Òótọ́ ni pé páìpù gáàsì dé Àjàókúta, ibẹ̀ náà sì ni páìpù AKK (Àjàókúta–Kàdúná–Kánò) oníkìlómítà 614 ti bẹ̀rẹ̀ lọ sí Kánò, àmọ́ páìpù tó gba ẹ̀yìnkùlé ẹni kọjá kì í rọ gáàsì sí ọkọ̀ ẹni.

Bí ìṣirò yín bá ṣì dára lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ ẹ́ńjìnì wò kí wọ́n tó fi ohunkóhun kàn án. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń pè ní 1ZZ-FE ló wà nínú Corolla yín. Kọmpíréṣọ̀n, ìyẹn ìfúnpá inú sílíńdà ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan, ò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 145 psi (nǹkan bíi 10 bar) lọ, ìyàtọ̀ láàárín ọ̀kan sí èkejì ò sì gbọdọ̀ ju 15 lọ. Ẹ́ńjìnì tó ti rẹ̀, gáàsì ò ní wò ó sàn. Ẹ ní kí wọ́n wọn àlàfo fáàfù náà: 0.15 sí 0.25 mílímítà fún ti ìwọlé, 0.25 sí 0.35 fún ti èéfín. Ẹ́ńjìnì yìí kò ní ohun tó ń tún àlàfo náà ṣe fúnra rẹ̀, gáàsì sì gbẹ, kò ní ohun tó ń tu ìjókòó fáàfù lára bíi bẹntiróòlù. Díẹ̀díẹ̀ ni fáàfù máa ń wọlé sínú ìjókòó rẹ̀ títí àlàfo fi tán. Nígbà yẹn kò lè pa dé mọ́, iná á sì jó o. Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní gbogbo kìlómítà 40,000.

Ohun tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ọkọ̀ ni sílíńdà àti fáàfù orí rẹ̀, páìpù irin, régúlétọ̀ tó ń rọ gáàsì wálẹ̀ láti 200 bar sí nǹkan bíi 2, fíltà, nọ́súlù gáàsì mẹ́rin, kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ́tọ̀ àti bọ́tìnnì tí ẹ ó fi máa yan epo tàbí gáàsì. Sílíńdà náà wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 60. Wọn ò gbọdọ̀ jó nǹkan kan mọ́ ọn lára. Bẹ́líìtì irin ni wọ́n fi ń dè é, rọ́bà á wà láàárín irin àti irin, bóòtù á gba abẹ́ búùtù já, pèrétì á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọpọ́n tó bo fáàfù gbọdọ̀ gba ìsàlẹ̀ ọkọ̀ jáde síta, kí èyí tó bá jò má baà kóra jọ síbi tí èrò jókòó sí. Ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé páìpù lójú yín kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Ibi tó bá ń hó, ó ń jò. Ẹ wo sípíríńgì ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ọkọ̀ tó gbé kìlógíráàmù 60 tí kì í sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n tún wá di iṣu lé lórí, abẹ́ rẹ̀ á máa ha títì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nílẹ̀ wa nìyí: tẹmọ́sítáàtì, ohun tó ń dá omi rẹdiétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná tó. Mẹkáníìkì ti yọ ọ́ nínú ìdajì àwọn Corolla tó wà lójú títì, wọ́n ní kí ẹ́ńjìnì má baà gbóná. Gáàsì tó ń sọ̀ láti 200 bar máa ń tutù gan-an, omi gbígbóná láti ara ẹ́ńjìnì ló ń mú régúlétọ̀ yá. Bí tẹmọ́sítáàtì ò bá sí, omi ò ní gbóná tó, régúlétọ̀ á dì gbagidi, ọkọ̀ á sì máa kú lọ́nà, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́. Kọ̀ǹpútà gáàsì pàápàá kì í yí kúrò lórí bẹntiróòlù títí omi yóò fi tó nǹkan bíi 40°C. Ẹ dá tẹmọ́sítáàtì padà, èyí tó ń ṣí ní 82°C. Bí ẹ́ńjìnì bá wá gbóná jù, rẹdiétọ̀ tàbí fáànù ló ń ṣàìsàn. Òun ni kí wọ́n tọ́jú.

Píọ́ọ̀gì: 1.1 mílímítà ni àlàfo rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Fún gáàsì, ẹ mú un wá sí 0.8, nítorí gáàsì ń fẹ́ iná tó le kó tó gbiná. Kọ́ìlì tó ti ń rẹ̀, tó ń fara pamọ́ lórí bẹntiróòlù, á tú ara rẹ̀ fó lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá so ó tán, wọ́n gbọdọ̀ fi láápútọ́ọ̀pù tò ó nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, kì í ṣe níbi tó dúró sí nìkan. Ẹ bá wọn wo long term fuel trim lórí sikánà, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣe ń fi epo kún tàbí dín in kù. Láàárín 10 sókè àti 10 sísàlẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni kó wà. Bó bá ti ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, gáàsì kò tó, iná inú ẹ́ńjìnì sì le ju bó ṣe yẹ lọ. Agbára á dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí ẹ bá kó èrò gun òkè. Ẹ má jẹ́ kí bẹntiróòlù kéré sí ìdá mẹ́rin táǹkì, nítorí bẹntiróòlù ló ń mú kí pọ́ńpù inú táǹkì tutù. Àwọn tó gbàgbé èyí ń ra pọ́ńpù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, wọ́n á sì ní gáàsì ló bà á jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, Camry Muscle méjì ni mo rí. Ọ̀kan jẹ́ 2008, 2.4, èkejì jẹ́ 2010, 2.5, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ ga. Wọ́n ní ti 2008 máa ń mu ọ́ìlì. Ṣé àhesọ ni? (Olùkọ́, Ìsánlú)

Kì í ṣe àhesọ. Ẹ́ńjìnì 2AZ-FE tó wà nínú Camry 2007 sí 2009 ní ihò kékeré lára písítìnì tí ọ́ìlì ń gbà padà, tó máa ń dí. Bó bá ti dí, ríìngì ò lè nu ọ́ìlì mọ́, ọ́ìlì á sì máa bá epo jóná. Toyota fúnra rẹ̀ sún àkókò wàrántì síwájú lórí àbùkù yìí ní Amẹ́ríkà. Ní ti 2010, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì sí 2AR-FE, tí kò ní wàhálà yẹn. Ẹ ra 2010, bí pọ́ńpù omi rẹ̀ kò bá jò.

Bó bá jẹ́ pé 2008 lowó yín ká, ẹ débẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ fọwọ́ kan án láti mọ̀ pé ó tutù lóòótọ́. Ẹ tàn án, ẹ jẹ́ kó dúró ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnì kan wá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn gan-an nígbà tí ẹ̀yin ń wo sálẹ́ńsà. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni. Ẹ tú píọ́ọ̀gì kan, ẹ wo orí rẹ̀ bóyá ó dúdú, tó sì tutù fún ọ́ìlì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ́ńjìnì, níbi tí tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnì) ti pàdé bulọ́ọ̀kù (ara rẹ̀): bí omi rẹdiétọ̀ bá ti gbẹ síbẹ̀, bóòtù tọ́ọ̀pù ti fa ìlà inú bulọ́ọ̀kù yọ nìyẹn, àrùn mìíràn tí 2AZ mọ̀ dáadáa.

Àwọn kan á ní kí ẹ máa fi 20W-50 tó ki wò ó. Èéfín á dín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ihò tó dí kò sì ní là. Ìtọ́jú gidi ni písítìnì tuntun pẹ̀lú ríìngì rẹ̀. Ríìngì nìkan lórí písítìnì àtijọ́, owó tó ṣègbé ni. Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, ẹ máa fa dípísítíìkì yọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra epo. Lítà 4.3 péré ni ẹ́ńjìnì náà ń gbà. Iná ọ́ìlì orí dáṣíbọ́ọ̀dù kì í tètè tàn. Nígbà tó bá fi máa tàn, bíárìn ti ń sunkún.

Hilux dísù wa ò tètè jí láàárọ̀ mọ́, ó ń tú èéfín funfun. Inú jálá la ti ń ra dísù. (Ẹgbẹ́ àgbẹ̀, Búnú)

Ẹ bu dísù náà sínú ìgò funfun, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi á wà nísàlẹ̀, ìdọ̀tí á hàn. Ẹ tú omi inú fíltà dísù dànù, ẹ sì máa pààrọ̀ fíltà ní gbogbo kìlómítà 10,000, nítorí nọ́súlù D-4D, ẹ́ńjìnì dísù Toyota, ń ṣiṣẹ́ ní ìfúnpá tó ju 1,000 bar lọ, ìdọ̀tí tí ojú ò rí ti tó láti bà á jẹ́. Dísù tí wọ́n lú mọ́ kẹrosíìnì náà ń pa á, torí kò yọ̀ tó láti tu irin lára.

Ẹ má tíì ra nọ́súlù o. Ẹ tẹ́tí sí orí ẹ́ńjìnì ná. Bó bá ń mí ṣùkù-ṣùkù, tí nǹkan dúdú bí ọ̀dà sì wà ní ẹsẹ̀ nọ́súlù, wáṣà kọ́pà ìsàlẹ̀ nọ́súlù ló ti jó. Èyí léwu ju bí ó ṣe rí lọ: èéfín á máa wọ inú ọ́ìlì, á di èédú, á sì dí asẹ́ tó ń fa ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì á nọ́ọ̀kì, ẹ ó sì rí ọ́ìlì kíkún lórí dípísítíìkì. Bí wáṣà bá ti jó pẹ́, kí wọ́n sọ páànù ọ́ìlì kalẹ̀, kí wọ́n fọ asẹ́ náà.

Mo gbọ́ pé ọtí ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ní Bùràsíìlì. Ẹ̀gẹ́ ń ṣòfò lóko wa nígbà tí ọjà bá dilẹ̀. Ṣé mi ò lè pọn ọtí ẹ̀gẹ́ tí màá máa dà sínú Sienna mi? (Àgbẹ̀, Mọ̀pà)

Òótọ́ ni ti Bùràsíìlì. Láti 1975 ni ìjọba wọn ti dáwọ́ lé e, ìrèké ni wọ́n sì ń lò. Ní 2003, Volkswagen gbé Gol jáde níbẹ̀, ọkọ̀ tó lè mu ọtí nìkan, bẹntiróòlù nìkan, tàbí àdàlù méjèèjì. Àmọ́ kì í ṣe pé wọ́n kàn da ọtí sínú ọkọ̀ lásán. Ẹ́ńjìnì ni wọ́n tún ṣe.

Ọtí kì í ṣiṣẹ́ tó bẹntiróòlù: lítà kan rẹ̀ ń ṣe ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ lítà bẹntiróòlù. Bẹntiróòlù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1. Ọtí ń fẹ́ 9 péré. Nítorí náà nọ́súlù gbọdọ̀ tú ìlọ́po kan àtààbọ̀ jáde. Nọ́súlù Sienna ò tóbi tó bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á fi epo kún un títí dé ìwọ̀n tó mọ, á wá tan iná ẹ́ńjìnì pẹ̀lú kóòdù P0171, tó ń sọ pé epo kò tó afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ á máa jáàkì.

Omi ni ọ̀tá tó burú jù. Bí ẹ bá pọn ọtí bí wọ́n ṣe ń pọn ògógóró, ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè jẹ́ omi. Bí ẹ bá tún un pọn lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò ní kọjá nǹkan bíi 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Omi tó kù á máa bá ọtí jáde ni. Ilé iṣẹ́ ń gba á kọjá lára òkúta oníhò wínníwínní tó ń mu omi, kó tó di ohun tó ṣeé dà mọ́ bẹntiróòlù. Ẹ dán an wò: ẹ da ọtí yín ife kan mọ́ bẹntiróòlù ife mẹ́sàn-án nínú ìgò funfun, ẹ dé e, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú níta, jìnnà sí iná. Bó bá pín sí méjì, ohun tó wà nísàlẹ̀ ni pọ́ńpù táǹkì á kọ́kọ́ fà. Bí kò bá pín, ìdá mẹ́wàá ni òpin, ìyẹn lítà mẹ́rin nínú 40. Ìdá mẹ́wàá yìí náà ni ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2007 ń lé. Ọtí á sì hú ìdọ̀tí tó ti bá táǹkì gbé, fíltà á dí. Ẹ mú fíltà kan dání. Iná ọtí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú ọ̀sán, kí ọmọdé má súnmọ́ ibi tí ẹ ti ń pọn ọ́n.

Ní ti owó, tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan ń so nǹkan bíi lítà 150 sí 180, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi owó igi ìdáná, ènsáìmù àti àárẹ̀ kún un, kí ẹ wo iye tí gàrí tọ́ọ̀nù kan náà á pa. Lójú tiwa, gàrí ló borí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àwa ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ń jiyàn ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan ní Toyota ti sùn, pé BYD, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti Ṣáínà, ti gba iwájú pẹ̀lú ọkọ̀ iná. Èkejì ní ẹ́ńjìnì ò ní kú láéláé. Èmi fẹ́ mọ ohun tí mo lè kọ́ tí kò ní jẹ́ kí ebi pa mí. (Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, Ẹ̀gbẹ̀)

Àbúrò, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì ló mú òótọ́ lápá kan. BYD dẹ́kun ṣíṣe ọkọ̀ bẹntiróòlù lásán ní oṣù kẹta ọdún 2022, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń tà ṣì ní ẹ́ńjìnì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú bátìrì tó ń gba iná ilé. Volvo ní ọkọ̀ iná nìkan lòun á máa tà tó bá di 2030. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Mercedes náà ti fà sẹ́yìn lọ́dún yẹn kan náà. Òfin ló ń darí wọn. Ní Yúróòpù, ilé iṣẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá tú èéfín kọjá ìwọ̀n máa san yúrò 95 lórí gíráàmù kọ̀ọ̀kan, lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwọ náà, tí wọ́n bá ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, o ó kéde ọkọ̀ iná kí ilẹ̀ tó mọ́.

Toyota ní tirẹ̀ ń sọ pé ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì ọkọ̀ iná kan tó ń rin ọ̀nà jíjìn tó fún ọkọ̀ haíbíríìdì, tó ń lo ẹ́ńjìnì àti bátìrì pọ̀, 90. Akio Toyoda, alága wọn, sọ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 pé ọkọ̀ iná ò ní kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, Toyota, Mazda àti Subaru jùmọ̀ kéde ẹ́ńjìnì tuntun. Ẹni tó ti ń ta Prius láti 1997 kò ní ṣàì sọ pé haíbíríìdì ló dára, kí ìwọ náà má gbé gbogbo rẹ̀ mì. bZ4X, ọkọ̀ iná tí wọ́n gbé jáde ní 2022, ni wọ́n tètè pè padà nítorí bóòtù táyà tó lè tú. Síbẹ̀, fún ilẹ̀ Ọ̀kun, ọ̀nà Toyota ló bá wa mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò ro tiwa nígbà tí wọ́n ń yàn án.

Gbé ọkọ̀ iná sórí ìṣirò. Bí iná bá ń wà fún wákàtí mẹ́fà lóòjọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ń fún ọkọ̀ ní kílówáàtì 3. Ìyẹn jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 18. Yọ èyí tó ṣòfò kúrò, yóò rìn tó 90 tàbí 100 kìlómítà. Ó tó fún olùkọ́ tó ń lọ ilé ìwé ní ìlú. Awakọ̀ Kàbbà tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, á dé Lọ́kọ́ja, á wá wá ibi tí á sùn sí.

Kọ́ haíbíríìdì. Tòkunbọ̀ Camry Hybrid àti Prius ti ń wọlé, ẹni tó lè tún wọn ṣe kò pọ̀ láàárín Ẹ̀gbẹ̀ àti Kàbbà. Bátìrì ńlá Prius ìran kejì àti ìkẹta ní módù (bátìrì kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀) 28, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 201.6 fóòtì, ti Camry Hybrid 2007 jẹ́ 34, 244.8 fóòtì. Wáyà aláwọ̀ ọsàn ló ń gbé e, ó sì ń pa èèyàn. Fa píọ́ọ̀gì iṣẹ́, èyí tó ń gé iná bátìrì ńlá, yọ, fi í sí àpò rẹ kí ẹlòmíràn má dá a padà, wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà onífóòtì 1,000, dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fi mítà wọ̀n ọ́n pé kò sí nǹkan mọ́, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kóòdù P0A80, tó ń sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì ńlá, ni yóò sábà gbé wọn wá sọ́dọ̀ rẹ. Kí o tó sọ pé bátìrì kú, tú fáànù rẹ̀ lẹ́bàá ìjókòó ẹ̀yìn. Eruku ọyẹ́ àti irun ẹranko ti máa ń dí i, bátìrì á gbóná, ooru yẹn ló sì ń pa á. Fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún fún àwọn oníbàárà rẹ. Módù kan ṣoṣo tí o bá pààrọ̀ sáàárín àwọn arúgbó 27 á pe ọkọ̀ padà láàárín oṣù díẹ̀, oníbàárà á sì bú ọ. Sọ fún un ṣáájú.

Sì ra sikánà tó ń ka ọkọ̀ haíbíríìdì kí o tó ra ohun èlò míì.

Corolla 2014 ni mo ní. Rẹwáyà ní gíà rẹ̀ ò yàtọ̀, pé kí n da ọ́ìlì gíà WS sí i. (Nọ́ọ̀sì, Ìyàrà)

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tẹ́ ẹ ní. Corolla tí wọ́n ń pè ní L ní gíà onípele mẹ́rin, WS ló ń lò. Àwọn irú yòókù tí kì í ṣe gíà ọwọ́ ní CVT, gíà aláìnípele tí bẹ́líìtì irin ń yí nínú rẹ̀. CVTF FE nìkan ló gbà. WS ti yọ̀ jù fún un: bẹ́líìtì á máa yọ̀, irin á máa ha irin, gíà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí ẹ bá ń gun òkè. Bí wọ́n bá ti dà á sí i, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u dànù níbẹ̀, kí wọ́n da FE sí i, kí wọ́n wà á yí ká díẹ̀, kí wọ́n sì tún tú u lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ìtúdànù kan kì í kó gbogbo rẹ̀ jáde.